Ṣé kí n dá owó ìwé ìròyìn ìlú wa dúró?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Lexington, ní ìpínlẹ̀ Kentucky, ni èmi àti ìdílé mi ń gbé. University of Kentucky ni mo ti kàwé, ibẹ̀ náà ni ọmọ mi obìnrin wà báyìí, básíkẹ́ẹ̀tì ilé ìwé yẹn sì ti wọ̀ wá lẹ́jẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń san àsansílẹ̀ owó fún ìwé ìròyìn ìlú wa, ṣùgbọ́n bí owó rẹ̀ ṣe ń gòkè ni ìwé fúnra rẹ̀ ń fúyẹ́. Mo ní tẹlifíṣọ̀n eré ìdárayá ESPN, ilé ìwé ní ojú òpó tiwọn, YouTube sì kún fún àwọn ọmọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ nípa ẹgbẹ́ wa tọ̀sán tòru lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyàwó mi ní kí n dá a dúró. Kí n má parọ́, inú àwọn oníwèé ìròyìn yìí tún máa ń bí mi: tí nǹkan bá dáa fún wa, ìlà mẹ́ta, tó bá bàjẹ́, ojú ìwé àkọ́kọ́. Kí ni ẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì dá a dúró, ẹ̀gbọ́n. Ẹ san ti sáà kan sí i, kí ẹ sì la ojú yín méjèèjì sílẹ̀. Tí ẹ bá rí i pé akọ̀ròyìn tó ń tẹ̀lé ẹgbẹ́ yín ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ má fi í sílẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn ti kọ níbòmíràn ni wọ́n ń dà síwájú yín, ìyàwó yín ló jàre. Ibi tí mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àlàyé mi ni ìbínú yín yẹn, nítorí pé ohun tó ń bí yín nínú gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ máa san owó fún.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ẹni tó ń bọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn tí ẹ dárúkọ. Òṣìṣẹ́ ilé ìwé ló ń kọ ohun tó wà lójú òpó ilé ìwé. Iṣẹ́ wọn mọ́, àwòrán wọn dára, èsì ìdíje kì í pẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àmọ́ àpò kan náà ni owó oṣù wọn àti ti akọ́nimọ̀ọ́gbá ti ń jáde. Ẹ kò ní í kà á níbẹ̀ láé pé agbábọ́ọ̀lù mẹ́ta kò bá akọ́nimọ̀ọ́gbá sọ̀rọ̀ mọ́ láti oṣù tó kọjá. ESPN ńkọ́? Àwọn ló ni tẹlifíṣọ̀n SEC Network tó bẹ̀rẹ̀ ní 2014, owó ńlá ni wọ́n sì ń san fún SEC, líìgì àwọn yunifásítì tí Kentucky wà nínú rẹ̀, kí wọ́n tó lè gbé ìdíje wọn sáfẹ́fẹ́. Mi ò pe ẹnikẹ́ni ní òpùrọ́. Akọ̀ròyìn gidi wà lọ́dọ̀ wọn, àwọn míì nínú wọn sì ti tú àṣírí tó le. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta ẹ̀wà kì í fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣa òkúta inú ẹ̀wà han oníbàárà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ilé ìwé tó wà ní ìpele kìíní básíkẹ́ẹ̀tì ní Amẹ́ríkà ju 350 lọ. Ọjọ́ tí ìdíje ńlá bá wà ni kámẹ́rà wọn máa dé Rupp Arena, ibi tí ẹgbẹ́ yín ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ọjọ́ Wednesday tí òjò ń rọ̀, tí ọmọ tó ń darí eré yín ń tiro bọ̀ láti ibi ìgbáradì, wọn kò sí níbẹ̀.

Ní ti àwọn ọmọ YouTube, èmi náà máa ń wò wọ́n. Àwọn kan nínú wọn mọ ọgbọ́n eré ju èmi lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn tí ẹ bá ń gbọ́ wọn, ẹ wo bó ṣe máa pẹ́ tó kí wọ́n tó sọ pé Herald-Leader, ìwé ìròyìn ìlú yín, ló gbé e jáde. Ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan ti lọ dúró nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbà bọ̀ ni wọ́n ń tú sí wẹ́wẹ́ fún yín. Ọjọ́ tí ẹni inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn bá padà sílé, àwọn náà á kàn máa méfò ni.

Ó kan ìbínú wàyí. Ìlú yín gan-an ló ni ìtàn tó bá a mu jù. Ní oṣù October 1985, Lexington Herald-Leader gbé ìròyìn ìwádìí kan jáde tí Jeffrey Marx àti Michael York kọ. Wọ́n ti wá àwọn tó gbá básíkẹ́ẹ̀tì fún Kentucky rí lọ, 33 nínú wọn, wọ́n sì bá wọn sọ̀rọ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló jẹ́wọ́ pé àwọn gba ohun tí òfin NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá yunifásítì ní Amẹ́ríkà, kò fàyè gbà. Olólùfẹ́ ẹgbẹ́ kan á wá bọ ọmọ lọ́wọ́ lẹ́yìn ìdíje, ọmọ á sì bá owó tí wọ́n ti ká ní àtẹ́lẹwọ́. Lónìí tí wọ́n ń sanwó fún ọmọ eré ní gbangba, ọ̀rọ̀ yẹn lè pa yín lẹ́rìn-ín. Nígbà náà, ẹ̀ṣẹ̀ tó lè tú ẹgbẹ́ ká ni.

Ta ni ìlú wá bínú sí? Ìwé ìròyìn ni. Àwọn èèyàn dá àsansílẹ̀ wọn dúró, àwọn kan tẹ̀ wọ́n láago pé àwọn máa ju bọ́ǹbù sí ilé iṣẹ́ wọn. Nígbà tí àwọn olùwádìí NCAA dé, àwọn agbábọ́ọ̀lù kan ní àwọn kò sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, ìwádìí náà kò sì mú nǹkan gidi jáde. Ìròyìn yẹn gba Pulitzer, ẹ̀bùn ńlá àwọn akọ̀ròyìn Amẹ́ríkà, ní 1986, ṣùgbọ́n Pulitzer kì í tu ẹni tí ìlú ń bú nínú. Lẹ́yìn náà ni 1988 dé. Àpò ìfìránṣẹ́ kan já ní Los Angeles, wọ́n ní 1,000 dọ́là ló bọ́ síta nínú rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Kentucky ló ti wá, bàbá ọmọ kan tí wọ́n ti gbà sí ẹgbẹ́ ni wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí. Nígbà tó fi máa di 1989, NCAA ti fi ẹgbẹ́ náà sábẹ́ ìṣọ́ fún ọdún mẹ́ta, wọ́n ti fòfin dè é láti má ṣe gbá ìdíje ìparí sáà fún ọdún méjì, Eddie Sutton tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá sì ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Gbogbo orílẹ̀-èdè ló ń lanu. Ẹni tó ti ka ìwé ìròyìn Lexington láìbínú ní 1985 kò lanu, ó ti mọ irú ilé tí òun ń gbé tipẹ́tipẹ́.

Kì í ṣe Kentucky nìkan o, kí ẹ má baà rò pé ẹ̀yin ni mo dojú kọ. Ọ̀rọ̀ Minnesota tún le ju ti yín lọ, nítorí ọjọ́ tó bọ́ sí. Ní ọjọ́ 10 oṣù March 1999, nígbà tó ku ọ̀la kí University of Minnesota gbá ìdíje àkọ́kọ́ nínú March Madness, ìdíje ìparí sáà fún ife orílẹ̀-èdè, St. Paul Pioneer Press gbé e jáde pé obìnrin kan tó ti ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì tó ń ran àwọn ọmọ eré lọ́wọ́ nínú ẹ̀kọ́ sọ pé òun ti bá ó kéré tán 20 agbábọ́ọ̀lù kọ iṣẹ́ tí olùkọ́ fún wọn ṣe. Iṣẹ́ náà tó 400, láàárín 1993 sí 1998. Wọ́n yọ agbábọ́ọ̀lù mẹ́rin kúrò lójú ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Gonzaga, tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí nígbà náà, nà wọ́n ní 75 sí 63. Gómìnà ìpínlẹ̀ náà, Jesse Ventura tó ti ja ìjàkadì orí tẹlifíṣọ̀n rí, bá ìwé ìròyìn wí ní gbangba. Ẹ fi ara yín sípò olólùfẹ́ Minnesota láàárọ̀ ọjọ́ yẹn: ọdún kan gbáko ni ẹ fi dúró de ìdíje yìí, ìwé tí ẹ fi owó yín rà ló wá bà á jẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́ lórí tábìlì oúnjẹ.

Ìbéèrè tí gbogbo wọn ń béèrè ni pé èéṣe tí wọn kò fi dúró kí ìdíje parí. Mo ti gbọ́ àwọn akọ̀ròyìn àgbà tó ń jiyàn lórí rẹ̀, ibi tí mo dúró sí nìyí: bí wọ́n bá ti mọ̀, tí wọ́n wá pa á mọ́ kí ẹgbẹ́ lè kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù tán, wọ́n ti di ara ẹgbẹ́ nìyẹn. Lẹ́yìn ìwádìí, Clem Haskins tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá lọ, wọ́n sì pa gbogbo ohun tí Minnesota ṣe ní 1997, nígbà tí wọ́n dé Final Four, ìpele àwọn ẹgbẹ́ mẹ́rin tó kẹ́yìn, rẹ́ kúrò nínú ìwé àkọsílẹ̀. George Dohrmann tó kọ ìròyìn náà gba Pulitzer ní 2000. Ẹ wo irú Pulitzer tó jẹ́: kì í ṣe ti ìwádìí, ti akọ̀ròyìn tó ń tẹ̀lé iṣẹ́ kan ṣoṣo lójoojúmọ́ ni wọ́n fún un. Ẹni tó ń yọjú sí ìgbáradì, tó mọ òṣìṣẹ́ tó ń kó aṣọ, tó mọ ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn, ọ̀dọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rí ti máa ń jáde.

Ẹ̀kẹta tí mo máa mẹ́nu bà kò ní ẹ̀rín nínú rárá. Ní ọjọ́ 31 oṣù March 2011, Patriot-News ti ìlú Harrisburg ní Pennsylvania gbé e jáde pé ìgbìmọ̀ ará ìlú tí ilé ẹjọ́ yàn láti ṣèwádìí (grand jury) ń wádìí Jerry Sandusky, ẹni tó ti jẹ́ igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá fúútùbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ní yunifásítì Penn State, lórí ìbálòpọ̀ pẹ̀lú ọmọdé. Sara Ganim ló kọ ọ́. Kò tíì pé ọmọ ọdún 25, ó sì ti ṣiṣẹ́ ní Centre Daily Times ní State College, níbi tí ilé ìwé náà wà, kó tó lọ sí Harrisburg. Ìròyìn jáde tán, ilẹ̀ pa lọ́lọ́. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá orílẹ̀-èdè kò fi bẹ́ẹ̀ yí ojú sí i fún oṣù méje. Àwọn olólùfẹ́ kan tilẹ̀ ń bú ìwé ìròyìn náà pé wọ́n fẹ́ ba orúkọ rere jẹ́. Oṣù November ni ẹ̀sùn jáde nílé ẹjọ́. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ní ọjọ́ 9 oṣù náà, wọ́n lé Joe Paterno tó ti jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà láti 1966. Ìgbà yẹn ni ọkọ̀ tẹlifíṣọ̀n kún State College. Ohun tí àwọn ará ibòmíràn kì í rántí ni pé òfin tó fún ará ìlú ní Pennsylvania láṣẹ láti béèrè ìwé ìjọba yọ Penn State sílẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ nǹkan. Kò sí fọ́ọ̀mù tí ẹ lè kọ kí wọ́n fi kó ìwé fún yín. Ẹnu àwọn èèyàn ni ìròyìn ti máa wá, ará ilé sì ni èèyàn máa ń la ẹnu fún.

Mo ti sọ̀rọ̀ burúkú tó. Tó bá jẹ́ àṣírí nìkan ni, ẹ lè dúró dìgbà tó bá tú, kí ẹ kà á lọ́fẹ̀ẹ́ níbòmíràn. Ohun tí olólùfẹ́ ń jẹ lójoojúmọ́ kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ló máa bẹ̀rẹ̀ eré lọ́la? Èéṣe tí ọmọ tó gbá dáadáa lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn fi jókòó lórí bẹ́ǹṣì? Ọmọ tí kò ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, tó ń sanwó ilé ìwé fúnra rẹ̀, tó wá wọlé ní ìṣẹ́jú méjì tó kẹ́yìn tí gbogbo Rupp Arena dìde fún, ọmọ ta ni, abúlé wo ló ti wá ní ìlà oòrùn Kentucky? Ìwé ìlú ló máa lọ bá ìyá rẹ̀ nílé. Ní ti ìlà mẹ́ta tí ẹ ní wọ́n ń kọ tí nǹkan bá dáa, ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ ṣí dúrọ́ọ̀ yín wò. Ó dá mi lójú pé ìwé ọjọ́ kejì tí ẹ na Kansas 67 sí 59 ní New Orleans ní April 2012 ṣì wà níbẹ̀. Kì í ṣe ìlà mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀.

Àwọn eré tí kì í ṣe básíkẹ́ẹ̀tì ọkùnrin tàbí fúútùbọ́ọ̀lù ló tiẹ̀ ń jìyà jù tí ìwé ìlú bá kú. Ní April 2021, àwọn obìnrin Kentucky gba ife-ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè nínú fọ́líbọ́ọ̀lù. Ilé ìwé SEC kankan kò gba á rí ṣáájú wọn. Sydney McLaughlin náà fi ọdún kan sáré fún yín, ó sì gba ti NCAA ní 400 mítà tí wọ́n ń fo igi ní 2018, kí ayé tó mọ ohun tó máa dà. Àwọn mélòó lórí YouTube ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ nígbà náà?

Ẹ jẹ́ kí n mú ti ilé wa wọ̀ ọ́. Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, sáré fún University of Texas ní El Paso, ní ìlú kan lẹ́bàá ààlà Mexico. Ní 2017 ó gba ife NCAA nínú 100 mítà tí wọ́n ń fo igi. Ilé ìwé yẹn kì í ṣe èyí tí ESPN ń ran kámẹ́rà lọ bá lójoojúmọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọmọ Ìjẹ̀bú yìí ṣe ń ṣe, El Paso Times ló ní láti wò. Nígbà tó sáré 12.12 ní Eugene ní July 2022, tó gba àkọsílẹ̀ ayé, gbogbo wa ní Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń béèrè ibi tó ti wá. Àwọn onímọ̀ El Paso kò béèrè.

Àbí kẹ̀, ta ló sọ ẹgbẹ́ Hakeem Olajuwon lórúkọ? Ọmọ Èkó dé University of Houston ní 1980, òun àti Clyde Drexler àti àwọn ẹgbẹ́ wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í fo sókè kí wọ́n máa ki bọ́ọ̀lù bọ apẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń gún iyán. Ní January 1983, Thomas Bonk tó ń kọ̀wé nínú Houston Post jókòó, ó sì pè wọ́n ní Phi Slama Jama, bí ẹni ń fi ẹgbẹ́ àwọn ọmọ yunifásítì tó ń jẹ́ orúkọ lẹ́tà Gíríìkì ṣẹ̀fẹ̀. Ilé ìwé kọ́ ló ronú kàn án, ilé iṣẹ́ ìpolówó kọ́. Houston gba orúkọ náà, wọ́n kọ ọ́ sára aṣọ, àwa náà ṣì ń pè é títí dòní. Houston Post fúnra rẹ̀ ti kógbá wọlé láti April 1995.

Ní báyìí, owó. Ibí yìí ni mo ti rò pé ìwé ìlú wúlò jù ju ti ìgbà kankan rí lọ, ibẹ̀ náà ni àwọn olólùfẹ́ kì í fẹ́ kà. Láti July 2021 ni NCAA ti gbà kí àwọn ọmọ eré máa fi orúkọ àti àwòrán wọn pa owó. Ní June 2025 ni adájọ́ fọwọ́ sí àdéhùn tó jẹ́ kí ilé ìwé fúnra wọn máa sanwó fún wọn, tó lè tó 20.5 mílíọ̀nù dọ́là fún ilé ìwé kan nínú sáà 2025 sí 2026. Níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí i? Nínú tìkẹ́ẹ̀tì yín ni, nínú owó tí ọmọ yín ń san, tàbí nínú eré kékeré kan tí wọ́n máa pa rẹ́. Ní April 2025, ìgbìmọ̀ University of Kentucky fọwọ́ sí i kí wọ́n kó ẹ̀ka eré ìdárayá sábẹ́ ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní Champions Blue. Mi ò ní ohun tó pọ̀ láti sọ pé ó dára tàbí kò dára. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹnìkan gbọ́dọ̀ jókòó ka ìwé àdéhùn náà láti ojú ìwé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, kó sì tún lọ béèrè èyí tí wọn kò fi síta.

Ọwọ́ yín sì dára ju ti àwọn ará Pennsylvania lọ nínú èyí. Ilé ìwé ìjọba ni tiyín, òfin ìwé ìjọba Kentucky sì ti wà láti 1976. Ìwé àdéhùn akọ́nimọ̀ọ́gbá, iye tí wọ́n máa san tí wọ́n bá lé e, ẹni tó bá a wọ ọkọ̀ òfuurufú, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n lè béèrè. Nígbà tí John Calipari tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá yín gba àdéhùn ọdún mẹ́wàá ní 2019, tó tó 86 mílíọ̀nù dọ́là, irú ìwé bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ kí ẹ mọ̀ bí ọwọ́ ilé ìwé ṣe dì tó nígbà tí Saint Peter's nà yín ní 2022, tí Oakland tún nà yín ní 2024. Gbogbo ìlú ń pariwo pé kí wọ́n lé e, ẹni tó ka ìwé mọ iye tí ariwo yẹn máa ná wọn. Ó padà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sí Arkansas.

Ẹ kíyè sí i pé ilé ìwé kì í fi ẹ̀rín kó irú ìwé bẹ́ẹ̀ jáde. Kentucky Kernel, ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, béèrè ìwé lórí olùkọ́ kan tí wọ́n fẹ̀sùn ìfipá fọwọ́ kan akẹ́kọ̀ọ́ kàn. Yunifásítì yín pe àwọn ọmọ tiwọn lẹ́jọ́ ní 2016. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Kentucky kò parí rẹ̀ títí di 2021, Kernel ló sì jàre. Eré ìdárayá kọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ ti rí bí owó àti sùúrù ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó. Ọmọ YouTube wo ló máa gba lọ́yà fún ọdún márùn-ún?

Kí ẹ má baà rò pé àwọn oníwèé ìròyìn ló rán mi níṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó kù. Ìwé ìlú lè dákẹ́ nígbà tó yẹ kó pariwo. Ní July 2004, Herald-Leader kan náà tẹ̀ ẹ́ sójú ìwé àkọ́kọ́ pé àwọn ìwé ìròyìn Lexington kò ròyìn ìjà àwọn aláwọ̀ dúdú fún ẹ̀tọ́ wọn bó ṣe yẹ ní àwọn ọdún 1960. Àwọn ọdún yẹn kan náà ni Kentucky, tí kò ní aláwọ̀ dúdú kankan, pàdánù ife-ẹ̀yẹ 1966 sọ́wọ́ Texas Western tó fi aláwọ̀ dúdú márùn-ún bẹ̀rẹ̀ eré. Texas Western yẹn ló di ilé ìwé El Paso tí Tobi sáré fún. Ìwé tó sún mọ́ agbára jù máa ń bẹ̀rù, èyí wà níbi gbogbo. Mo ti rí akọ̀ròyìn tó ń pe ẹgbẹ́ tó yẹ kó máa ṣọ́ ní "wa".

Òwò náà fúnra rẹ̀ sì ti ṣàìsàn. Láti 2005, ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà tó ti kú ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Warren Buffett, olówó ńlá Amẹ́ríkà nnì, ra Omaha World-Herald ní 2011, ìwé tí àwọn ará Nebraska fi ń tẹ̀lé ẹgbẹ́ fúútùbọ́ọ̀lù wọn, tí tìkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti ń tán láti 1962. Ó ṣàlàyé fún àwọn onípìn-ín rẹ̀ pé kò sí ohun tó lè rọ́pò ìwé ìlú fún ẹni tó fẹ́ mọ ohun tó ń lọ ní ìlú rẹ̀, títí kan fúútùbọ́ọ̀lù àwọn ọmọ ilé ìwé girama. Ní 2020 ó tà á. Ẹ̀yin náà, Knight Ridder ló ni ìwé yín nígbà ìròyìn 1985, McClatchy rà á ní 2006, McClatchy wá wọ gbèsè dé ilé ẹjọ́ ní 2020. Birmingham News kò tẹ bébà mọ́ láti 2023, orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ló kù, ní Alabama tí fúútùbọ́ọ̀lù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹ̀sìn! Ibi tí wọ́n bá ti ń tẹ bébà ṣì wà, wọ́n ti gbé ibi ìtẹ̀wé lọ sí ìlú mìíràn, wọ́n gbọ́dọ̀ parí ìwé ní ìrọ̀lẹ́. Ìdíje tó parí ní agogo mọ́kànlá alẹ́ kò lè bá ìwé àárọ̀ mọ́. Ìdí tí bébà yín fi fúyẹ́ nìyẹn. Nítorí náà, ẹ má fi bébà díwọ̀n iṣẹ́ wọn, orí ẹ̀rọ ni ẹ ti máa rí i.

Báwo ni ẹ ṣe máa dá a mọ̀ bóyá wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́? Ẹ wo orúkọ tó wà lókè ìròyìn. Tó bá jẹ́ orúkọ kan náà ni ẹ ń rí láti ọdún dé ọdún, àmì rere ni, nítorí pé orísun kì í sọ̀rọ̀ fún àlejò. Nígbà tí ẹgbẹ́ bá lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Gainesville tàbí ní Fayetteville, ṣé akọ̀ròyìn yín wà níbẹ̀, àbí orí tẹlifíṣọ̀n ló ti wò ó bíi tiyín? Ìròyìn tó bá kún fún ohun tí ẹ ti rí lójú tẹlifíṣọ̀n, tí kò sí ọ̀rọ̀ kankan láti yàrá ìmúra, á sọ fún yín. Láàárín ọdún kan, ṣé ẹ ti ka ìròyìn kan ṣoṣo tí ilé ìwé kò fẹ́ kó jáde? Tí kò bá sí, èmi á bẹ̀rù. Ẹ tún wo oṣù June, nígbà tí kò sí básíkẹ́ẹ̀tì. Àsìkò yẹn ni wọ́n ń ṣe ìnáwó ọdún, tí àwọn ọmọ eré ń ti ilé ìwé kan bọ́ sí òmíràn. Ìwé tó bá sùn ní June kò jí ní March.

Ní ti iye owó, ẹ má kàn san èyí tí wọ́n kọ ránṣẹ́ sí yín. Ẹ pè wọ́n, ẹ sọ pé ẹ fẹ́ dá a dúró. Wọ́n sábà máa ń ní iye mìíràn nílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ lọ. Ẹ béèrè ti orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan, kí ẹ fi bébà sílẹ̀. Ẹ béèrè ní ilé ìkàwé ìlú náà, ọ̀pọ̀ wọn ń jẹ́ kí ẹni tó ní káàdì ka ìwé ìròyìn lọ́fẹ̀ẹ́. Kernel tí ọmọ yín lè mú wálé kò gba kọ́bọ̀, mo sì gbà yín nímọ̀ràn kí ẹ máa kà á, àwọn ọmọdé yẹn ń ṣe iṣẹ́ àgbà. Ẹ ṣe èyí títí Final Four tó ń bọ̀. Tí akọ̀ròyìn yín kò bá lọ sí ìrìn àjò, tí ẹ kò sì rí ohun kan tó bí yín nínú láàárín àkókò yẹn, ẹ gbé fóònù fún ìyàwó yín, kí wọ́n bá yín tẹ ibi tí wọ́n kọ ìdádúró sí.